Alhaji Alábọ́ àti Àwọn Ẹ́ńjìnnì Òkèèrè Rẹ̀

Bàbá tó bí bàbá mi kò ṣiṣẹ́ ní rélùwéè rí. Abọ́ ló ń tà. Ó yẹ kí n tètè sọ èyí, nítorí nígbà tó kú, púpọ̀ nínú àwọn tó wá kí wa nílé wa ní Kemta ló ń dárò òṣìṣẹ́ rélùwéè tó fẹ̀yìntì, àwa náà sì jókòó sórí ẹní, à ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín sí." Kò sẹ́ni tó ní, "Ẹ dákun, alábọ́ ni." Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ bí mo ṣe jókòó tí mò ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí.

N kò ní ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. N ò mọ ọdún tí wọ́n bí i, òun náà ò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni bó ṣe máa ń jókòó, bó ṣe máa ń bá oníbàárà dúnàádúrà, àti kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan tó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni gbogbo wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Láfẹ́nwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ojú irin ti gba etí ọjà kọjá. Abọ́ tánganran ló ń tà jù, pẹ̀lú béèsìnì, tíréè, àti kúlà tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ. Ó máa ń to àwọn abọ́ náà léra wọn títí wọ́n á fi ga jù mí lọ. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, abọ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n á máa dún wínníwínní, Baba Àgbà á sì dìde, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èyí tó ga jù nínú wọn, á kọjú sí ojú irin, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Oníbàárà lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á ní iye tó pè é, Baba Àgbà ò ní dá a lóhùn mọ́. Ìyá kan tó wá láti Ọ̀fàdà, tó fẹ́ ra ẹrù ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, bínú sí i lójú mi, ó ní ṣé ọkọ̀ ló fẹ́ tà fún òun ni. Baba Àgbà ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kọjá ná."

Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ á rò pé ọkọ̀ tiwa yẹn ló kúndùn. Ó kúndùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí kò gùn tó apá ọmọdé, tí wọ́n fi irin ṣe bí ti gidi gẹ́lẹ́, tí wọ́n ní ihò èéfín, tí wọ́n ní àtẹ̀gùn tí awakọ̀ ń gbà gòkè, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń yí. Ti àwọn ìlú tí ẹnikẹ́ni ní Kemta ò dé rí ni gbogbo wọn. Ó ní ìwé àwòrán ayé kan tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní sùkúù, èyí tó rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Ìtòkú. Ìmọ̀ kéwú ló ní, kò lè ka òyìnbó, nítorí náà èmi ni mo máa ń bá a pe orúkọ àwọn ìlú náà, òun á sì fi ìka rẹ̀ tó nípọn tẹ̀ lé ìlà dúdú tó dúró fún ojú irin títí á fi já sí òkun.

Àkókò tí mò ń sọ yìí, owó epo ti dé, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá sì wà káàkiri ilẹ̀ ayé, wọ́n ń kàwé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá wà lókè òkun tó sì wá ra abọ́, Baba Àgbà á bi í pé ìlú wo lọmọ wà. Bó bá ní Lọ́ńdọ̀n ni, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Pólàndì tàbí Íńdíà, tàbí ibi tí ìyá ọmọ pàápàá ò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa, Baba Àgbà á fa àga fún un. Á ní kó ránṣẹ́ sọ́mọ, kọ́mọ bá òun wá ẹ́ńjìnnì kékeré ti ìlú náà, kó fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dé, ìyá náà á mú abọ́ tó bá wù ú nínú ìsọ̀.

Bí èyí tó ti Pólàndì wá ṣe dé nìyẹn, tó dúdú, tó wúwo, tẹ́sẹ̀ rẹ̀ pupa. Bí èyí aláwọ̀ búlúù tó ń gun òkè ní Íńdíà ṣe dé nìyẹn, tó kéré jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀kan wá láti Suwísáláǹdì, aláwọ̀ ewé, tí kò ní ihò èéfín rárá, tí imú rẹ̀ gùn níwájú tó tún gùn lẹ́yìn, òun la pè ní Ọ̀nì. Nígbà tí Baba Àgbà lọ sí Mẹ́kà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó góòlù àti ẹní ìkírun bọ̀. Òun ra ẹ́ńjìnnì ti Jàpáàn ní ìsọ̀ kan ní Jídà, aṣọ funfun tó fi ṣe Hájì, tó yẹ kó tọ́jú di ọjọ́ ikú, ló fi wé e kó má baà họ. Ìyá Àgbà ò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ nítorí aṣọ yẹn.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò sí ti Nàìjíríà níbẹ̀. Ẹnu yà á pé mo tilẹ̀ béèrè. Ó ní, "Rísí, tiwa ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi lójoojúmọ́. Èyí tí n kò ní rí láyé mi ni mò ń wá."

Àṣà kan tún wà tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ló sì bí ẹ̀sín tó pọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì tó bá dé, kò ní tú u kúrò nínú ìwé tí wọ́n fi dì í. Á gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá di ọjọ́ kẹjọ, á pe gbogbo àwa ọmọ ilé jọ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, á tú u, á gbé e sórí tíréè tuntun láti ìsọ̀, á sì sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn náà á pín àádùn àti bisikíìtì. Àǹtí Múnírà, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, sọ nígbà kan pé, "Baba, gbogbo wọn ló ti òkun bọ̀. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ́. Orúkọ wo lẹ tún ń wá kiri?" Baba Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bí a ò bá pè é lórúkọ, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ilé lòun wà?"

Nígbà tí mo kéré, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé gbogbo. Ìgbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é láàárín àdúgbò: Alhaji Ọlọ́mọlangidi. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi ní ẹ̀rọ máa ń bi mí pé, "Ọmọ wo ni bàbá yín bí lọ́sẹ̀ yìí?" wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra ẹ̀rọ omi yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé lọ pọnmi níbi tó jìnnà.

Ẹnìkan lọ sọ ní mọ́ṣáláṣí pé Alhaji ń bọ nǹkan nílé, pé ó tilẹ̀ ń sọ ọ́ lórúkọ. Ààfáà àgbà wá fúnra wọn. Wọ́n jókòó síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí wọ́n gbé ọ̀kan wá. Baba Àgbà gbé Ọ̀nì fún wọn. Ààfáà yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n wá gbé e sílẹ̀, wọ́n fi ìka kan taari rẹ̀, ó sì yí lọ díẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n tún taari rẹ̀. Wọ́n ní, "Kò lójú, kò lẹ́nu, kò sì lẹ́mìí. Kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀, Alhaji. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín wà níbẹ̀ o."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni Bàámi mú lọ. Bàámi ni ọmọkùnrin àgbà. Nígbà tí wọ́n sọ Abẹ́òkúta di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ó rí iṣẹ́ ní sẹkitéríàtì, ó ń so táì, ó sì ń bá àwọn ènìyàn jókòó tí bàbá wọn jẹ́ lọ́yà tàbí olùkọ́. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ kan láti ibi iṣẹ́ bá ní òun fẹ́ yà sílé wá kí Baba, Bàámi á rí ọ̀nà gbé e lọ síbòmíràn. Àríyànjiyàn kan náà ni wọ́n máa ń ṣe ní gbogbo ọdún Iléyá. Bàámi á ní, "Baba, ẹ ò ṣe kó wọn sí yàrá? Ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa rí wọn." Baba Àgbà á bi í pé, "Ṣé wọ́n jalè ni?"

Ẹ̀yìn Bàámi lèmi náà wà. Ojú ń tì mí nítorí Baba Àgbà, mo sì tún fẹ́ràn rẹ̀, n ò mọ bí mo ṣe lè pín méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àǹtí Múnírà wá rí ọkọ. Olùkọ́ ni ọmọkùnrin náà, ará Òwu, ilé Kristẹni ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìntì, Baba Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ̀sìn ò dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa, ẹbí wa lọ́tùn-ún lósì ló ti fẹ́ra wọn bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ló ń ba Bàámi lẹ́rù. Wọ́n ń bọ̀ wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, ọjọ́ yẹn sì ni ẹbí méjèèjì ń kójú jọ, tí wọ́n ń sọ ẹni tí àwọn jẹ́ àti iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìgbéyàwó. Àǹtí Múnírà fúnra rẹ̀, tó máa ń fi Baba Àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, sunkún lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ní, "Tí wọ́n bá lọ sọ lẹ́yìn pé ọmọ Ọlọ́mọlangidi ni wọ́n fẹ́, kí ni mo fẹ́ ṣe nílé ọkọ?"

Bàámi tètè jí lọ bá Baba Àgbà lọ́jọ́ náà, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sẹ́nu. A wọ pálọ̀, a bá kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti fi aṣọ bò láti òkè dé ilẹ̀. Aṣọ ìbora Baba Àgbà gan-an ni, èyí tó ń fi sùn lásìkò ọyẹ́. Ó ti wọ agbádá, ó ti dé fìlà, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.  Baba Àgbà ní, "Mo ti bò wọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Àwọn àna dé, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Wọ́n gbàdúà ní orúkọ Jésù, a gbàdúà ní tiwa. Ooru mú, Bàámi sì ti lọ yá fáànù ńlá kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí n tàn án fún àwọn àlejò. Fáànù náà ń yí orí lọ, ó ń yí orí bọ̀, gbogbo ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni aṣọ náà ń fẹ́. Mo ń wò ó. Bàámi náà ń wò ó. Ìgbà tí Baba Tíṣà ń sọ nípa àwọn ọmọ tó kọ́ tó ti di ènìyàn ńlá ni aṣọ náà yọ̀, tó sì já bọ́ sílẹ̀, tí gbogbo ẹ́ńjìnnì jókòó sílẹ̀ gedegbe lẹ́yìn gíláàsì.

Baba Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ta ló ń fi ọkọ̀ ṣeré nílé yìí?"

Baba Àgbà ti la ẹnu. Bàámi ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Ìrántí iṣẹ́ ni, sà. Rélùwéè ni Baba wa ti fẹ̀yìntì."

 Àǹtí Múnírà dorí kodò. Ìyá Àgbà ń tún gèlè rẹ̀ wé, gèlè tí kò tú. Ojú Baba Tíṣà tàn, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní òun náà ń gba owó ìfẹ̀yìntì, báwo ni àwọn méjèèjì ò ṣe ti mọra tipẹ́? Ó ní, "Ibo lẹ ti ṣiṣẹ́, Alhaji?"

Baba Àgbà kọ́kọ́ wo Bàámi. Ó wò ó pẹ́. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀, bó bá jẹ́ ìbínú ni, ì bá rọrùn fún wa. Ó wá kọjú sí àlejò rẹ̀, ó ní, "Láfẹ́nwá ni. Ibi tí ọkọ̀ ti ń kọjá ni mo wà."

Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ òótọ́. Ọmọ rẹ̀ parọ́ lórí rẹ̀ níwájú àlejò, òun ń wá ọ̀rọ̀ òótọ́ tó lè gba inú irọ́ náà kọjá, kọ́mọ má baà tẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì gbé oúnjẹ wá. Inú abọ́ ìsọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ti jẹun.

A rò pé ó parí síbẹ̀. Irọ́ náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú. Baba Tíṣà kò pe Baba Àgbà lórúkọ mìíràn mọ́ ju Baba Rélùwéè lọ, ọ̀rọ̀ sì dé ẹ̀rọ omi. Kò pẹ́, Ọlọ́mọlangidi parẹ́ lẹ́nu wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá rántí ìsọ̀ abọ́, wọ́n á ní owó ìfẹ̀yìntì ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ nídìí ọkọ̀ tó sì ń tọ́jú àwòrán ọkọ̀, kí ló burú níbẹ̀? Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọ̀rẹ́ láti ibi iṣẹ́ wá sílé. Wọ́n á dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, Bàámi á máa nàka sí Ọ̀nì, Baba Àgbà á sì jókòó sórí àga rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. A fẹ́ràn orúkọ tuntun náà. Ó tù wá lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Baba Àgbà ò sọ ẹ́ńjìnnì kankan lórúkọ mọ́. Èyí tó dé kẹ́yìn, tó wá láti Tọ́kì, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ìwé rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ pé, kò pe ẹnikẹ́ni. Àwa náà ò rán an létí. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn títí ó fi kú, bó sì ṣe wà lọ́wọ́ mi títí dòní nìyẹn, n ò tíì tú u.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí téṣàn rélùwéè. Gbogbo Alámísì, bó bá ti kírun àsárì tán, á ní kí Ìyá Àgbà dúró ti ìsọ̀, á bọ bàtà, á lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì máa ń jókòó lábẹ́ igi kan níbẹ̀, wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àtijọ́. Inú Bàámi dùn. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé ó ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ̀yìntì. Inú Ìyá Àgbà ò dùn ní tirẹ̀, nítorí Alámísì ni àwọn oníbàárà máa ń pọ̀. Ó bínú sí i lójú gbogbo ọjà, ó ní, "Ṣé ọkọ̀ tó ń kọjá níwájú yín ò tó yín wò mọ́ ni?" Baba Àgbà ní, "Kì í ṣe ọkọ̀ ni mò ń lọ wò." A rò pé ó ń dápàárá ni.

Kò ṣàìsàn tó pẹ́. Ó kú lọ́wọ́ ìdájí ọjọ́ kan, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe. Ọjọ́ kẹjọ ni àdúà fìdáù rẹ̀. A ta àtíbàbà síwájú ilé, àwọn Ààfáà jókòó, àwọn àna láti Òwu jókòó ní ìlà iwájú. Àǹtí Múnírà gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sórí ẹsẹ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Baba Tíṣà fa Bàámi mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí i létí bí ẹni tó mú ẹ̀bùn wá. Ó ní, "Mo ti ránṣẹ́ sí Láfẹ́nwá. Kò yẹ kí ẹni tó lo ayé rẹ̀ ní rélùwéè lọ bẹ́ẹ̀ láìsí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀."

Mo rí ojú Bàámi. N ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí a gbé òkú jáde.  Kí ni ì bá sọ? Àwọn tó ń bọ̀ mọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá dìde tó ní, "Alhaji wo? A ò mọ alhaji kankan," ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ máa tú, níwájú àna, níwájú Ààfáà, níwájú àwọn ará sẹkitéríàtì, àti níwájú Múnírà tí ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òkú náà ni wọn á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ jáde nílé.

Wọ́n dé. Arúgbó ni gbogbo wọn, wọ́n rọra ń rìn bọ̀ láàárín àga. Àwọn kan dé fìlà iṣẹ́ tó ti ṣá, ọ̀kan wọ kóòtù kákí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán ju aṣọ náà lọ. Ẹni tó ṣíwájú wọn ti jẹ́ gáàdì ọkọ̀, Baba Gáàdì ni wọ́n ń pè é. Ó ká àsíá aláwọ̀ ewé kan mọ́ abẹ́ apá. Ààfáà rí wọn, wọ́n dá àdúà dúró díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ Alhaji bá wa sọ̀rọ̀ kan." Bàámi di àga iwájú rẹ̀ mú.

Baba Gáàdì dìde. Ó wo gbogbo wa yí ká, ó sì wo Bàámi jù. Ó ní, "A mọ Alhaji. A mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí ọkọ̀ tó kọjá ní Láfẹ́nwá tí kò dìde fún. Ó sọ fún wa nípa ọkọ̀ ìlú òkèèrè tí àwa tí a dàgbà sídìí ọkọ̀ ò gbọ́ rí. Àìsí rẹ̀ lábẹ́ igi yẹn ń dùn wá." Ó tú àsíá rẹ̀, ó gbé e sókè, ó fi fèrè sẹ́nu, ó fun ún lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ gùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn kí ọkọ̀ tó gbéra. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Baba Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ fún àwọn arúgbó náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbẹ̀ nígbà tí Bàámi tẹ̀ lé wọn wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Baba Gáàdì pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín. Bàbá mi ò..."

"Kò bá wa ṣiṣẹ́ rí," ni Baba Gáàdì sọ. "A mọ̀. Ẹ dìde, ẹ̀yin náà ti dàgbà."

Bàámi ò dìde. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀.

Baba Gáàdì gba abọ́ lọ́wọ́ mi, kò jẹun. Ó ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá wa lábẹ́ igi, ó gbé abọ́ tuntun lọ́wọ́, a rò pé ó wá polówó ọjà ni. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ti sọ fún àna wa pé mo bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ má bínú sí i. Ojú ń tì wọ́n nítorí mi ni. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin sì fẹ́ wọ ilé àwọn olùkọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè mi lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ojú ti ọmọ náà.' Mo ní, 'Alhaji, a ti darúgbó, a ò lè máa purọ́ lórí ẹni tí a ò mọ̀ rí.'  Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Ó dìde, ó ti fẹ́ máa lọ, ó tún padà. Ó ní, 'Tí ẹ bá wá mọ̀ mí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n máa wá jókòó tì yín. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ má sọ pé mo bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ kàn ní ẹ mọ̀ mí.'"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Àwọn yòókù náà ń jẹun, wọn ò wo Bàámi, wọ́n ń wo inú abọ́ wọn. Bàámi fi agbádá bo ojú. Mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́, mo ń ro gbogbo Alámísì tó fi ń bọ bàtà, tí a sì ń sọ pé ó lọ wo ọkọ̀.

Nígbà tí àwọn arúgbó náà lọ tán, Baba Tíṣà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti fẹ́ atẹ́gùn. Inú rẹ̀ dùn sí bí gbogbo nǹkan ṣe lọ. Ó gbé ọwọ́ lé Bàámi léjìká, ó ní, "Ṣé àwọn ẹlẹgbẹ́ Alhaji ti lọ?"

Bàámi la ẹnu. Mo rò pé ó máa sọ ọ́. Ó wo àwọn abọ́ tí wọ́n ti jẹun tán, tí mo ti tò léra wọn sílẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

Ó ní, "Wọ́n ti lọ, sà."